Ṣé jàǹbá ni ó ń pa òṣìṣẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́?

Rárá o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé jàǹbá ni ojú ń rí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ILO, àjọ àgbáyé tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé jáde ní ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ń ṣekú pa lọ́dọọdún tó nǹkan bí mílíọ̀nù 3. Àìsàn tí iṣẹ́ fà ni ó ń pa nǹkan bí mílíọ̀nù 2.6 nínú wọn, nígbà tí jàǹbá ń pa nǹkan bí 330,000. Àìsàn kì í pariwo: eruku asbestos, ohun èlò ìkọ́lé kan, tí ènìyàn fà símú lónìí lè pẹ́ ju ogún ọdún lọ kí ó tó di jẹjẹrẹ. Kódà iṣẹ́ àṣejù lásán ń pani, nítorí ìwádìí ILO pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé, ní ọdún 2016, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tí ó ti ibi ṣíṣe iṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wá pa ènìyàn 745,000. Ní tèmi, àṣìṣe ńlá ni kí ilé iṣẹ́ máa fi akoto àti ìbọ̀wọ́ nìkan ṣe ààbò, nítorí ìyẹn ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbìyànjú láti mú ewu náà kúrò tàbí láti fi ohun tí kò léwu rọ́pò rẹ̀.