Ẹ sọ fún wọn ṣáájú, àmọ́ kó má mọ sọ́dọ̀ pírínsípà

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa ní Ṣágámù. Ẹ ní ọmọbìnrin yín tí etí rẹ̀ wúwo ń parí praimárì 6 lọ́dún yìí, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ sọ fún ilé ẹ̀kọ́ girama kó tó ṣe ìdánwò ìwọlé, àbí kí wọ́n gbà á wọlé ná. Ọmọ tèmi ti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ etí kan lòun náà ń lò, ní etí ọ̀tún. Ó ti dé SS1 báyìí, níbí l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè.

Ti ìwé ìbí, èsì praimárì àti fọ́tò, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ìwé àyẹ̀wò etí ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ lojú mi ti rí nǹkan. Obìnrin tí mo bá ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní èyí tí mo mú wá ti pẹ́ jù, kí n lọ gba tuntun. Mo dé ilé ìwòsàn ìjọba kan, wọ́n ní ẹni tó mọ ẹ̀rọ àyẹ̀wò etí lò wà ní ìsinmi. Mo padà lọ, ó ti dé, àmọ́ ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo pa ṣọ́ọ̀bù tì, mo gbé ọmọ, ó di UCH n'Ìbàdàn. A gba ọ̀nà Òrù yọ sí Ìdí-Ayùnrẹ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tí ìdí mi rí. Àwọn ti UCH ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan tí ariwo kì í wọ̀, wọ́n gbé nǹkan bò ó létí, wọ́n ní kó máa nawọ́ bó bá ti gbọ́ “píì”. Mo dúró lẹ́yìn gíláàsì, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ò tètè gbéra.

Mo gbé èsì padà dé ọ́fíìsì. Ìyáàfin yẹn ò ṣí i. Ó ní, “Ìyá, ẹ ò ṣe mú un lọ sílé ìwé àwọn odi?” Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí i “ẹ káàárọ̀ mà” ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lé lórí! Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití kì í ṣe ibi burúkú o. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ á rí ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, á sì rí olùkọ́ tó mọ èdè rẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹni tí kò ka èsì àyẹ̀wò ló yẹ kó máa pín ọmọ kiri?

Bí wọ́n bá dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú yín, ẹ fi òfin hàn wọ́n. Òfin tó ka dídẹ́yẹ sí aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019, sọ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú irú ọmọ yìí. Ẹ má retí pé ẹ máa bá onítọ̀hún níbẹ̀. Èmi ò bá a. Àmọ́ tí ẹ bá ti dárúkọ òfin, ohùn wọn á yàtọ̀.

Ìwọlé wá kọ́ ni wàhálà tó pọ̀ jù. Ní praimárì, tíṣà kan ló ń mú wọn láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ó ti mọ ọmọ yín. Ní JSS1, tíṣà Math ń jáde, ti English ń wọlé, ti Basic Science wà lẹ́nu ọ̀nà. Pírínsípà tí ẹ rojọ́ fún kì í sí níbẹ̀. Lẹ́tà mi wà nínú fáìlì rẹ̀, ó ti buwọ́ lù ú, kó tó di pé rọ́bà tó ń wọ inú etí ọmọ mi kéré. Etí ọmọ ń dàgbà, rọ́bà kì í dàgbà. Tó bá ti kéré, ohùn á máa jò, ẹ̀rọ á máa sú “fíìì”. Tíṣà kan gbọ́ fíìì ní kíláàsì, ó ní fóònù ni. Ọmọ ní kì í ṣe fóònù. Tíṣà fa ẹ̀rọ náà yọ létí rẹ̀, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ mi jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi jáde, ó ń wo ẹnu tó ń mì. Alẹ́, bó ṣe ń jẹun, ni mo rí i pé etí ọ̀tún ṣófo. Lọ́jọ́ kejì tíṣà ní, “Mà, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.” Òótọ́ ló sì sọ, ìyẹn ló dùn mí jù.

Láti ìgbà náà, bí táàmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fún tíṣà kọ̀ọ̀kan ní ìwé olójú kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n má máa kọjú sí bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Kó jókòó níwájú, lápá òsì kíláàsì, kí etí tó ní ẹ̀rọ lè kọjú sí wọn. Bí wọ́n bá ń pe nóòtì, kó máa wo ti ẹni tó jókòó tì í. Kí wọ́n má bi í pé “ṣé o gbọ́?”, torí ojú ń tì í, “bẹ́ẹ̀ ni” lá máa dáhùn. Kí wọ́n ní kó tún ohun tí wọ́n sọ sọ. Ẹ tún wá ẹnì kan nínú wọn tó láàánú lójú. Tèmi kì í ṣe káńsẹ́lọ̀ tó kọ oyè sára ilẹ̀kùn, tíṣà Home Economics ni.

Ẹ má gbà bọ́dìn o. Tó bá bọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ lálẹ́, kò ní gbọ́ aago ìjí, wọ́n á nà án fún “oríkunkun”. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ da òróró gbígbóná sí i létí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè yín. Ẹ sọ fún wọn kó tó ṣe ìdánwò. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ “ẹ ṣí ìwé yín” àti “ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá”, kò ní gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó máa ní àwọn ò ní ohun èlò, ó sàn kí ẹ mọ̀ nígbà tí owó yín ṣì wà lápò. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n kọ déètì sí i. Tó bá dé SS3, WAEC ní àfikún àkókò fún irú wọn, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ béèrè nígbà ìforúkọsílẹ̀. Ẹ yáa máa rán wọn létí láti SS2.

Ẹ fi bátìrì ẹ̀rọ etí sínú mathset rẹ̀. Tó bá yọ bébà ẹ̀yìn rẹ̀, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án bí ìṣẹ́jú kan kó tó fi í sínú ẹ̀rọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í lágbára tó. Ìwé àyẹ̀wò etí náà, fọtokọ́pì ni kí ẹ máa fún wọn. Wọ́n á ní kí ẹ fi ojúlówó sílẹ̀, kí ẹ wá gbà á lọ́la. Ẹ má gbà.