Ẹ wo ibi tí ọmọ jókòó sí kí ẹ tó wo ìka rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ 40 ló wà ní kíláàsì JSS 1 mi, kọ̀ǹpútà 10 ló ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́jú 40 ni wọ́n sì fún wa lọ́sẹ̀. Ìka méjì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń tẹ̀wé, wọ́n á dorí kọ kíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Tí mo bá ní kí wọ́n lo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń ní ọrùn ọwọ́ ń dun àwọn. Báwo ni kí n ṣe kọ́ wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ tí ẹ fi sí ìparí ni ká kọ́kọ́ mú, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló bí ti ìka méjì. Ọmọ tí tábìlì ga jù fún kò lè lo ìka mẹ́wàá, bó ti wù kó gbọ́ràn tó. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè dé orí kíbọ́ọ̀dù, àfi kó gbé èjìká sókè. Láìpẹ́ èjìká á rẹ̀ ẹ́, á wá gbé ọrùn ọwọ́ lé etí tábìlì láti fi sinmi. Ọwọ́ tó bá ti gúnlẹ̀ báyẹn ti tẹ̀ sẹ́yìn, ìka yòókù ò ní lè rìn dáadáa mọ́. Ìfábẹ̀là, ìka tí a fi ń fá ọbẹ̀ lá, ló kù tó rọrùn láti nà jáde. Nítorí náà, ẹ má tètè pe ìka méjì wọn ní ọ̀lẹ.

Ìrora náà sì nídìí. Àwọn iṣan tó ń fa ìka gba ojú ihò tóóró kan kọjá nínú ọrùn ọwọ́, àwọn àti iṣan ìmọ̀lára tó ń jẹ́ kí àtàǹpàkò, ìfábẹ̀là, ìka àárín àti apá kan ìka òrùka mọ nǹkan lára. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀, ihò náà á há. Ọmọ tó bá sọ pé ìka òun kú tipiri, kó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ìka náà bá tún ń kú lẹ́yìn tí ẹ ti tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, kí òbí mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ wá téèpù aránṣọ. Ẹ ní kí ọmọ jókòó, kí apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, kó wá ká ìgbọ̀nwọ́. Ẹ wọn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ láti ilẹ̀, kí ẹ tún wọn orí kíbọ́ọ̀dù láti ilẹ̀. Ó yẹ kí méjèèjì bára dọ́gba, tàbí kí kíbọ́ọ̀dù fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Tábìlì ọ́fíìsì sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 74, kíbọ́ọ̀dù á sì fi nǹkan bíi 2 lé e. Ìgbọ̀nwọ́ ọmọ ọdún 11 tó jókòó sórí àga lásán lè má ju 62 lọ. Ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 14 nìyẹn. Tìmùtìmù kan kò lè dí i.

Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá fọwọ́ sí i, kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ tábìlì kúrú. Bí kò bá fọwọ́ sí i, pákó lẹ fẹ́: pẹlẹbẹ, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, tó fẹ̀ tó 25, kí wọ́n fi sáńpépà ha á kó má baà gún wọn. Ọmọ á gbé e lé itan, kíbọ́ọ̀dù á wá lórí rẹ̀. Itan rẹlẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ lọ díẹ̀, ibi tí a ń wá gan-an nìyẹn, okùn kíbọ́ọ̀dù sì sábà máa ń gùn tó. Kí itan má baà dagẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Èyí tí tirẹ̀ kò bá kàn, ẹ fi rímù ìwé A4 kan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Rímù kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 5.

Àga oníke funfun tó lápá kò dáa fún iṣẹ́ yìí. Apá rẹ̀ á máa kọlu tábìlì, ọmọ kò ní lè sún mọ́ iwájú, á wá nà bí ẹni tó ń bẹ kànga wò. Bí ẹ bá rí àga tí kò lápá, ẹ mú ìyẹn. Ẹ wo ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú: ẹsẹ̀ kékeré méjì kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣí sókè. Ẹ pa wọ́n dé. Ṣe ni wọ́n ń gbé ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù sókè tí ọrùn ọwọ́ fi ń tẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé orí CPU, àpótí kọ̀ǹpútà, lẹ gbé ojú kọ̀ǹpútà lé, ẹ sọ CPU kalẹ̀, kí òkè ojú kọ̀ǹpútà lè wá sí déédéé ojú ọmọ tàbí kó fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Kó jìnnà sí i tó ìwọ̀n apá kan.

Ó wá ku ìka. Kí ìdodo ọmọ dojú kọ àárín G àti H. Bọ́tìnnì F àti J ní kókó kékeré kan lára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dijú, kí wọ́n fi ìfábẹ̀là méjèèjì wá a. Bí wọ́n bá ti rí i, ọwọ́ òsì á wà lórí A, S, D, F, ti ọ̀tún á wà lórí J, K, L àti àmì tó tẹ̀ lé L, àtàǹpàkò á sì wà lórí bọ́tìnnì gígùn tó ń fi àyè sílẹ̀. Ilé ìka nìyẹn. Ìka tó bá jáde gbọ́dọ̀ padà sílé.

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ìlà òkè wà lórí ìlà àárín gan-an. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì ń fi díẹ̀ yẹ̀ sí òsì bó ṣe ń lọ sókè, ogún tí a jẹ lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, tí apá irin bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ráyè gba àárín àwọn yòókù kọjá. Nítorí náà ìka tó kúrò lórí F lọ bá R á yà sí òsì, èyí tó ń lọ bá V á yà sí ọ̀tún. Bákan náà ni J sí U àti J sí M. Ẹ ya ọ̀nà yìí sójú pátákó kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun. Ẹ ṣọ́ C dáadáa: ìka àárín ló ni ín, ìfábẹ̀là ni wọ́n á sì fẹ́ fi gbà á.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá dùn láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìlà àárín nìkan ti tó láti kọ púpọ̀ nínú wọn: aja, aga, ala, alaga, daadaa, jagajaga. “Aja fa aga.” “Alaga sa.” Ẹ fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ná, ìka là ń kọ́ báyìí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn kò sì ní máa wá ìtumọ̀ bí wọ́n ṣe ń wá ti “fjfj dkdk”. Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá. Nínú lẹ́tà 8 tó wà nínú “aja fa aga”, 5 jẹ́ a, ọmọńdinrín ọwọ́ òsì, ìka tí kò lágbára rárá, ló sì ń tẹ gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó fún un. Ẹ kó wọn lọ sórí “ile”, “ilu”, “oko”, “ejika”.

Àléébù kejì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá kò ní c, q, v, x àti z. Ẹ wo kíbọ́ọ̀dù: ọwọ́ òsì ni màrààrún wà, mẹ́rin nínú wọn sì tò tẹ̀ léra ní ìlà ìsàlẹ̀. Ọmọ tó bá fi Yorùbá nìkan kọ́ṣẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ní mọ ìlà ìsàlẹ̀ àfi B. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ da gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn.

Ní ti ọmọ 40 lórí kọ̀ǹpútà 10: mẹ́rin ló bọ́ sí ìdí ọ̀kan. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́jú 8, iṣẹ́jú 8 tó kù jẹ́ ti ìjókòó àti títò. Àwọn mẹ́ta tó ń dúró kò gbọdọ̀ ṣeré: ọ̀kan á máa pe lẹ́tà, ọ̀kan á máa ṣọ́ ọrùn ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ọ̀kan á máa ṣọ́ ojú. Bí ojú bá wálẹ̀, kó sọ ọ́, kó má pariwo. Ẹ tún lè da aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ọwọ́ òun kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ìlà àárín tán. Bí ẹ bá bò ó ṣáájú ìyẹn, ṣe ni wọ́n á kàn máa méfò.

Iṣẹ́jú 8 lọ́sẹ̀ kéré, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí káàdíbọ́ọ̀dù fi wúlò: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya kíbọ́ọ̀dù tó tóbi tó ti gidi, kó máa fi ìka rìn lórí rẹ̀ nílé fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò máa pe lẹ́tà. Ó wúlò bákan náà lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Ibùgbé lẹ́tà ló ń kọ́ wọn. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣì í tẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, Klavaro, ètò tó ń kọ́ni ní ìtẹ̀wé, jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má ka ìyára ní táàmù àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá lè tẹ lẹ́tà 100 tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju 5 lọ, láìwo ọwọ́, ẹ lè wá gbé aago síwájú rẹ̀. Ìtẹ̀ márùn-ún là ń kà sí ọ̀rọ̀ kan, àyè wà nínú rẹ̀: ìtẹ̀ 300 ní ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ ọ̀rọ̀ 20 ní ìṣẹ́jú kan. Òbí tó bá ń kánjú nítorí JAMB, ẹ sọ fún un pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni ìdánwò náà ń lò: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sí èyí tó ṣáájú, S láti fi ìdánwò sílẹ̀, àti R láti padà sínú rẹ̀.

Àwọn tó ti yára tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì ló máa yọ yín lẹ́nu jù. Wọ́n á lọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú á sì tì wọ́n. Ẹ má fi wọ́n sínú ìdíje kankan lásìkò yẹn. Ní kíláàsì ìtẹ̀wé, ìka mẹ́wàá ni dandan. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ kíákíá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú méjì wọn títí ìka mẹ́wàá fi máa dé ìdajì ìyára ti tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kí wọ́n má lo ìka méjì mọ́.