Èsì: Yíyí «Area 1» padà sí «Area 3» nínú ọ̀pọ̀ fáìlì lẹ́ẹ̀kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọ́fíìsì yín ti kó láti Area 1 lọ sí Area 3 ní Garki, àdírẹ́sì àtijọ́ sì kún inú fáìlì HTML bí igba. Ẹ má wulẹ̀ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí tẹ́mínà (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ wọ inú fódà tí àwọn fáìlì náà wà, kí ẹ kọ́kọ́ fi grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wò ó ná, ẹ má tíì yí nǹkan kan:

grep -rn --include='*.html' 'Area 1\b' .

Ẹ fojú sí `\b` yẹn dáadáa. Òun ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, Area 11 á di Area 31, Area 10 á di Area 30, oníbàárà á wá máa wá ibi tí kò sí kiri Àbújá.

Bí ohun tí ẹ rí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi sed, àṣẹ tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, yí i padà:

grep -rlZ --include='*.html' 'Area 1\b' . | xargs -0 sed -i.bak 's/Area 1\b/Area 3/g'

`-Z` àti `-0` wà nítorí fáìlì tí àlàfo wà nínú orúkọ rẹ̀; láìsí wọn, orúkọ á gé sí méjì, sed á ní òun ò rí i. `.bak` ń tọ́jú fáìlì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún lo sed lórí fáìlì kan náà, `.bak` tuntun á bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ kó ti àkọ́kọ́ síbòmíì.

Linux ni mo fi èyí sọ. Sed orí Mac kò mọ `\b`, `perl -pi.bak -e` ni kí ẹ fi rọ́pò `sed -i.bak` níbẹ̀; `-Z` ti grep náà ní ìtumọ̀ mìíràn níbẹ̀, nítorí náà ẹ fi `-rl --null` rọ́pò `-rlZ`. Tó bá jẹ́ línkì tó ní `/` lẹ fẹ́ yí, ẹ kọ ọ́ báyìí: `s|àtijọ́|tuntun|g`.