Orúkọ Horváth: níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Bàbá tó bí ìyá ìyàwó mi sá kúrò ní Húngárì lọ́dún 1956, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kú sí. Horváth ni orúkọ ìdílé wọn. Àwọn ọmọ wa fẹ́ mọ ibi tí orúkọ yìí ti ṣẹ̀ wá. Mo wá a lórí Google títí, àwọn Horváth tó jáde pọ̀ bí eṣú. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ gbé ìtumọ̀ orúkọ náà tì ná. Ará Croatia ni Horváth túmọ̀ sí, bí Németh ṣe túmọ̀ sí ará Jámánì. Ohun tí aládùúgbò fi ń pe àlejò ló di orúkọ ìdílé. Ó wọ́pọ̀ bíi Kovács, ìyẹn alágbẹ̀dẹ, àti Szabó, ìyẹn télọ̀. Horváth méjì lè má bá ara wọn tan rárá. Ìlú tí wọ́n bí bàbá sí àti ìjọ tí wọ́n ń ṣe ni ẹ máa wá.

Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ ìwé tí wọ́n fi di ọmọ ìlú Britain wò, àti ìwé ẹ̀rí ikú wọn: láti 1969, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ ibi tí wọ́n ti bí olóògbé. Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú ní Húngárì, nítorí náà Horváth János ni ẹ máa rí, kì í ṣe János Horváth. Bí ẹ bá rí Horváth Jánosné, ìyàwó János nìyẹn. Orúkọ tirẹ̀ gan-an kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn àdéhùn Trianon ti 4 Okúdù 1920, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ Húngárì bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Pozsony di Bratislava tó wà ní Slovakia báyìí, Kolozsvár di Cluj ní Románíà. Bí ìlú yín bá wà lára wọn, orílẹ̀-èdè tó ni ín báyìí ni kí ẹ ti wá ìwé rẹ̀.

Láti 1 Ọ̀wàrà 1895 ni ìjọba Húngárì ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Fọ́tò ọ̀pọ̀ ìwé náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí FamilySearch, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá ìtàn ìdílé. Bí ìwé ìbí bàbá kò bá tíì ṣí fún ará ìta, ẹ wá ìgbéyàwó àwọn òbí wọn. Ìjọ wọn máa wà níbẹ̀ ní ìkékúrú: r. kath. ni Kátólíìkì, ref. ni Pùròtẹ́sítáǹtì ọmọlẹ́yìn Calvin, izr. ni Júù.

Ẹ má fojú fo etí ìwé o! Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Jámánì tàbí Slav ló fi orúkọ Húngárì rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá rí B.M. pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọdún létí ìwé ìbí, àṣẹ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nìyẹn, wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ. Ẹni tí kò wo ibẹ̀ á máa tọ ìran Horváth ẹlòmíràn lẹ́yìn.

Kó tó di 1895, ìwé ìrìbọmi ìjọ ló kù. Títí di bí ọdún 1840 sí 1849, èdè Látìn ló pọ̀ nínú ti Kátólíìkì: Joannes ni János, Georgius ni György. Bí iná bá ti jó ìwé ìjọ, ẹ béèrè ẹ̀dà kejì tí wọ́n ń kó pamọ́ láti 1828. Akọ̀wé lè kọ Horvát lónìí, kó kọ Horváth lọ́la, fún bàbá kan náà. Horváth János mẹ́ta sì lè wà lábúlé kan ṣoṣo: nọ́ńbà ilé, orúkọ ìyàwó àti ti àwọn òbí ìrìbọmi ọmọ lẹ máa fi mọ èwo ni tiyín.