"Ẹni Òòṣà": ṣé Kristẹni lè jẹ́ irú orúkọ yìí?

Ìbéèrè: "Àfín ni mí, inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí. 'Ẹni òòṣà' ni ìyá bàbá mi máa ń pè mí, wọn kì í sì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ mi. Pásítọ̀ wa ní orúkọ yẹn gan-an ló ń dè mí mọ́lẹ̀, pé kí n gbààwẹ̀ kí n fi kọ̀ ọ́. Kí ni orúkọ náà túmọ̀ sí? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá ń jẹ́ ẹ? Ṣé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ kí n rí nìyí, àbí nǹkan kan ló bà jẹ́?"

Arábìnrin, ẹ kú ìbéèrè. Màmá àgbà kò bú yín o. Àfín, abuké, arọ àti aràrá ni Yorùbá ń pè ní ẹni òòṣà, òòṣà tí wọ́n sì ń wí kì í ṣe Ògún, kì í ṣe Ṣàngó. Ọbàtálá ni, Òrìṣà-ńlá, ẹni tí ìtàn sọ pé Olódùmarè gbé iṣẹ́ mímọ ara ènìyàn lé lọ́wọ́. Òun ló ń fi amọ̀ mọ ojú, imú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Olódùmarè nìkan ló ń fi èémí sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń ṣàdúrà fún aboyún pé, "Kí òòṣà ya ọnà ire kò wá o." Bí ère tó ṣì wà lọ́wọ́ agbẹ́gilére ni wọ́n ṣe ń wo ọmọ inú.

Báwo wá ni àfín ṣe jẹ́ tirẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ọ́. Èyí tó gbajúmọ̀ ni pé Ọbàtálá mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì, ó sì mọ àwọn kan láìgún régé. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ó kábàámọ̀, ó fi ẹmu ṣe èèwọ̀, ó sì gba àwọn tó mọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ààbò ara rẹ̀. Títí di òní, àwọn tó ń sìn ín ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ifọ́n àti ní Èjìgbò mọ̀ pé ẹmu kò yẹ wọ́n. Aṣọ funfun ni tiwọn, ìgbín ni wọ́n fi ń bọ ọ́, àtẹ́, ìyẹn èyí tí kò níyọ̀, sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀nà kejì kò dárúkọ ẹmu rárá. Ó ní Òòṣà mọ̀ọ́mọ̀ dá wọn yàtọ̀ ni, kí aráyé má baà gbàgbé ẹni tó ń mọ ara. Ti ẹmu ló dùn ún pa nítàn, ó jọ pé ìyẹn ló jẹ́ kó borí èkejì.

Èyí ó wù kí ẹ gbà, ibì kan náà ni méjèèjì já sí: ẹni tó bá fi abuké ṣe yẹ̀yẹ́, Òòṣà ló fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láyé tí kò sí ọlọ́pàá, odi ńlá nìyẹn jẹ́ fún ọmọ tí ara rẹ̀ yàtọ̀. N kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Òòṣà, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìtàn ẹmu sì ń sọ ọ́ di àṣìṣe tí ẹnì kan ń tọrọ àforíjì lé lórí.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ kò ní gùn. Ó jọ lójú mi pé láti inú àtẹ́ Ọbàtálá ló ti wá. Àwọn èèyàn ní iyọ̀ ló ń mú ara àfín rí tóótòòtó. Irọ́ ni, oòrùn ló ń ṣe é. Melanin, èròjà tó ń mú àwọ̀ dúdú tó sì ń dáàbò bò ó, ló kéré tàbí kò sí lára àfín. Lọ́pọ̀ ìgbà, bàbá àti ìyá ló jọ gbé àbùdá tó ń fà á láìmọ̀, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ àfín. Ẹ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ yín.

Ó wá ku ti ìgbàgbọ́. Orin Dáfídì 139 ni gbogbo ènìyàn máa ń kà síni létí. Nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, a kà pé "tẹ̀rù-tẹ̀rù àti tìyanu-tìyanu ni a dá mi." Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ ẹni tí wọ́n ti ń fi ṣẹ̀sín láti kékeré lè máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé àwọn tí ara wọn pé ni Dáfídì ń sọ. Ẹ́kísódù 4 ni kí ẹ ṣí. Mósè ń ráhùn pé ahọ́n òun wúwo. Olúwa dáhùn pé, "Ta ni ó dá ẹnu ènìyàn? Tàbí ta ni ó dá odi, tàbí adití, tàbí aríran, tàbí afọ́jú? Èmi OLÚWA ha kọ́?" Ẹ kíyè sí i pé ó ka aríran mọ́ afọ́jú: ọwọ́ kan náà ló dá wọn, kò sí ẹmu, kò sí aṣojú tó ṣì í ṣe. Ẹ sì kà á síwájú. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó tú ahọ́n Mósè. Áárónì ló fún un kó máa bá a sọ̀rọ̀, Mósè sì gbé ahọ́n wúwo rẹ̀ lọ bá Fáráò.

Ẹnì kan á ní Léfítíkù 21 kò jẹ́ kí ọmọ Áárónì àlùfáà tó bá jẹ́ abuké tàbí aràrá rú ẹbọ nídìí pẹpẹ. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì le. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kejìlélógún ibẹ̀ ní kó máa jẹ oúnjẹ Ọlọ́run rẹ̀, èyí tó mọ́ jù lọ pàápàá. Iṣẹ́ kan ni òfin yẹn dá dúró, kò sọ pé ẹlòmíràn ló dá ọkùnrin náà. Nínú Jòhánù 9, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń wá ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Lóòótọ́ ó wò ó sàn. Ẹni tó bá fẹ́ bá yín gbàdúrà nítorí ojú tí kò ríran jìnnà, ẹ jẹ́ kó gbà á. Èyí tí n kò lè fara mọ́ ni kí wọ́n mú ènìyàn síwájú ìjọ kí wọ́n máa lé àwọ̀ rẹ̀ jáde bí ẹ̀mí èṣù. Òòṣà, bí o ò lè gbè mí, fi mí sílẹ̀ bí o ṣe bá mi. Òwe yìí kan àwọn pásítọ̀ náà.

Nípa jíjẹ́ orúkọ náà, èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹ dá arúgbó tó fẹ́ràn yín lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìjọ àkọ́kọ́ ń jẹ́ Apollo, orúkọ tó ti ara òrìṣà àwọn Gíríìkì wá, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní kó pa á dà. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè ṣe é bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe sọ Fábùnmi di Jésùbùnmi: ẹ ní kí Màmá máa pè yín ní ẹni Olúwa. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì máa pe ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ààwẹ̀ láti kọ àwọ̀ ara yín ni kí ẹ má gbà. Kí ẹ gba ara yín bí Ọlọ́run ṣe dá a kò sì ní kí ẹ máa fi í jóná. Ẹ dé fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ fi ìpara tó ń dènà oòrùn ra ojú àti ọrùn. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ojú yín wò fún awò. Egbò kékeré tí kò bá sì jinná lára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ má ṣe máa fi òróró àdúrà nìkan pa á, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn awọ ara kíá, torí jẹjẹrẹ awọ ara kì í pẹ́ mú àfín tó ń rìn nínú oòrùn.