Èsì: Kí ló dé tí Van der Poel kò lé Tour de France?

Àbúrò mi, o béèrè ìdí tí Mathieu van der Poel, ọmọ Netherlands tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje, tó gba Paris–Roubaix (ìdíje kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé) lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra (2023 sí 2025), kò fi lé ipò kìíní Tour de France. Bí ara rẹ̀ ṣe tóbi ló fà á.

Ìwọ náà mọ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Tí a bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ láti Arámọkọ, àwọn tó fúyẹ́ máa ń já mi sílẹ̀ níbi tó ga. Tó bá di ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, mo ti lé wọn bá. Wàyí o, Tour jẹ́ ìpele 21 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn òkè ibẹ̀ sì ju ti Ẹ̀fọ̀n lọ fíìfíì. Roubaix kò ní òkè rárá: nǹkan bíi 260 kìlómítà ni, tí bíi 55 nínú rẹ̀ jẹ́ òkúta tó ń gbo eegun jìgìjìgì. Agbára ẹsẹ̀ ló ń gbà. Bí Van der Poel bá rù kó lè gun òkè, agbára yẹn á dínkù.

Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia tó ti gba Tour, ń ṣe méjèèjì, àmọ́ ẹ má fi í ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Biniam Girmay, ọmọ Eritrea. Ó gba Gent–Wevelgem, ìdíje ọlọ́jọ́ kan ní Belgium, ní 2022. Ní 2024 ó gba ìpele mẹ́ta àti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé (ti ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù) nínú Tour, láì lé ipò kìíní àpapọ̀.

Ọmọ yín tó ń gun kẹ̀kẹ́ n'Ìkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì tó àkókò láti yàn. Ẹ má jẹ́ kó febi pa ara rẹ̀ nítorí òkè. Ẹ jẹ́ kó jẹ iyán rẹ̀ yó.