Ọmọ ti pé ọdún 18: ṣé owó ìtọ́jú parí nìyẹn?

Arábìnrin mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín tán. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, bàbá rẹ̀ sì fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé iṣẹ́ òun ti tán, pé ẹni tó bá ti lè dìbò lè bọ́ ara rẹ̀. Ẹ wá ń bèèrè bóyá òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù lẹ ṣe ní Nàìjíríà níbí, òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì jó, nítorí ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti ń yí padà.

Bàbá àwọn ọmọ tèmi náà sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rán sí mi lọ́dún 2019, nígbà tí àbíkẹ́yìn mi pé 18. Àǹtí jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n mu omi tán, wọ́n ní àbúrò àwọn ní kí n máa wo ọwọ́ ọmọ mi báyìí. Ọmọ tó ṣì wà ní ọdún kìíní! Láti oṣù yẹn ni owó ò ti wọlé mọ́.

Òfin méjì làwọn èèyàn ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Nọ́ńbà 18 yẹn, inú Child's Rights Act ti ọdún 2003 ni wọ́n ti rí i, èyí tí ìjọba Èkó náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Òfin yẹn ló ní ẹni tí kò tíì pé 18 ni ọmọdé, pé ọmọdé sì lẹ́tọ̀ọ́ kí òbí rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ níwọ̀n bí agbára òbí bá ṣe mọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin tó tú ìgbéyàwó tèmi àti tiyín ká, òfin mìíràn ni: Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970. Abala 70 níbẹ̀ ní adájọ́ ò gbọdọ̀ pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ọmọ tó ti pé ọdún 21, àfi tó bá rí ìdí pàtàkì kan tó fi yẹ kó pa á. 21 ni o. Ọmọ yín ṣì ní ọdún mẹ́ta gbáko lábẹ́ òfin yẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ wá ìwé àṣẹ tí kọ́ọ̀tù fún yín jáde. Ìwé yẹn gan-an ni kí ẹ kà, kì í ṣe ohun tí ẹ rántí pé adájọ́ sọ. Tèmi ò ju ojú ìwé méjì lọ, òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù orí rẹ̀ ti ń ṣí. Wọ́n kọ iye tí yóò máa san lóṣù fún oúnjẹ àti aṣọ, wọ́n ya owó ilé ìwé sọ́tọ̀, wọ́n wá fi kún un pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí kọ́ọ̀tù yóò fi pa àṣẹ mìíràn. Kò sí ọdún kankan nínú rẹ̀. Lọ́yà mi fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀, ó ní, "Mummy, ẹni tó bá fẹ́ dá owó yìí dúró, kọ́ọ̀tù ló máa wá bẹ̀. Kò lè rán ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

Ibẹ̀ la ti mú un. Owó tó ti jẹ sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ kọ́ọ̀tù, gbèsè ni, kò sì torí pé ọmọ dàgbà kó wá kú. Kọ́ọ̀tù lè pe onígbèsè wá sọ ìdí tí kò fi san án, ó sì lè pàṣẹ fún báǹkì rẹ̀ pé kí wọ́n yọ owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìpè já sí i lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, kò jẹ́ kó dé orí ọ̀rọ̀ báǹkì. Ó san án díẹ̀díẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìwé tiyín dárúkọ 18 ní tààrà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin lẹ máa padà lọ bẹ kọ́ọ̀tù pé kí wọ́n fa àṣẹ náà gùn, kí ẹ sì tètè lọ kí ọmọ tó pé 21. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ ní sùúrù kí ọmọ ṣe ọdún kejì ná.

Ibi tó ti le jù fún èmi ni ìgbà tí ọmọ mi pé 21, lọ́dún 2022. Bàbá rẹ̀ gba lọ́yà tiẹ̀, ó fi abala 70 yẹn siwájú, ó ní kí kọ́ọ̀tù fagi lé gbogbo àṣẹ náà. Lórí ìwé, òun ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tójú àwọn ọmọ yunifásítì ìjọba rí. ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, ó di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó padà. Wọ́n tún gùn lé e ní oṣù kejì ọdún 2022, ó di oṣù kẹwàá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ni ọmọ mi lọ kọ́, ọdún kẹta ló ṣì wà. Ohun tí lọ́yà mi gbé kalẹ̀ nìyẹn: ọmọ tí ò fìdí rẹmi rí, tí ìdáṣẹ́sílẹ̀ jẹ ọdún rẹ̀, ṣé ìdí pàtàkì kọ́ nìyẹn? Òfin náà fúnra rẹ̀ ò ka ohun tó ń jẹ́ ìdí pàtàkì lẹ́sẹẹsẹ. Ọwọ́ adájọ́ ló wà. Ọmọ tó ń ṣàìsàn tàbí tó ní àbùkù ara tí kò lè ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lágbára ju tèmi lọ dáadáa.

Adájọ́ bèèrè ẹ̀rí. Mo ti tẹ èsì ìdánwò rẹ̀ jáde láti orí portal ilé ìwé, pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé ìwé àti ti họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo tún kọ ìnáwó oṣooṣù rẹ̀ sílẹ̀: oúnjẹ, gáàsì, owó ọkọ̀, dátà. Lọ́yà wọn dìde, ó ní fàájì ni dátà. Adájọ́ wò ó láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Counsel, àwọn ọmọ tìrẹ, kí ni wọ́n fi ń ṣe assignment?" Kò rí èsì fọ̀.

A ò wá gba ìdájọ́ lórí ìdí pàtàkì yẹn. Adájọ́ ní ká lọ jókòó, kí lọ́yà méjèèjì bá wa sọ ọ́. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé bàbá yóò máa san owó ilé ìwé sí àkáǹtì ilé ìwé ní tààrà títí ọmọ yóò fi gba oyè àkọ́kọ́, owó oṣù yóò dín sí ìdajì, inú àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa wọ̀. A buwọ́ lù ú, kọ́ọ̀tù sọ ọ́ di ìdájọ́. Lójú tèmi, ó sàn ju kí n máa dúró de ẹnu adájọ́ lọ, torí ohun tí bàbá bá fọwọ́ ara rẹ̀ sí, kì í fẹ́ kí ẹbí rí i pé òun yẹ̀ ẹ́.

Tó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, tàbí nìkáà ní mọ́ṣáláṣí, òfin 1970 yẹn ò kàn yín. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tàbí ti Ṣàríà ni tiyín, lẹ́yìn 18 sì rèé, ìpàdé ẹbí máa ń yá ju kọ́ọ̀tù lọ. Ẹ pe àwọn àgbà ilé rẹ̀ tí ojú ń tì.

Àwọn tó wà lókè òkun máa dá sí i o. Àbúrò mi tó wà ní London ní ọdún 16 ni owó ń dúró níbẹ̀, tàbí kó tó pé 20 tí ọmọ bá ṣì wà ní ilé ìwé tí kò tíì dé yunifásítì. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn òbí tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn wà fún. Kò kan ọkọ tó wà ní Surulere.

Ẹ má fi ọmọ ṣe ìránṣẹ́ láàárín yín. Ẹ má jẹ́ kó pe bàbá rẹ̀ láti lọ bèèrè owó tí ìwé kọ́ọ̀tù ti kọ.

Tí owó lọ́yà bá ń dẹ́rù bà yín, tẹ́ ẹ sì wà ní Èkó, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba máa ń pe ìyá àti bàbá jókòó láìgba kọ́bọ̀. Office of the Public Defender náà wà fún ẹni tí ò ní owó lọ́yà. Ẹ kó ìwé ìgbéyàwó dání, ìwé ìtúká, ìwé àṣẹ owó náà, lẹ́tà tí yunifásítì fi gba ọmọ wọlé, àti àkọsílẹ̀ báǹkì tó fi oṣù tí owó dúró hàn. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp yẹn ńkọ́? Ẹ má pa á rẹ́ o, ẹ má sì fèsì sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kún un.